Ilé Tí Wáyà Kò Dé

Wọ́n ní àwọn olówó kan ní Yúróòpù máa ń san owó gọbọi fún ayàwòrán-ilé, kó bá wọn ya ilé ìsinmi sórí òkè tí wáyà iná kò dé. Wọ́n á gbé sólà sórí òrùlé, wọ́n á gbé táǹkì kalẹ̀ fún omi òjò.

Wọn ò béèrè lọ́wọ́ wa ni! Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àgàgà ní Ore, òpó wà, wáyà wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò lò ju ọdún 10 lọ láìrí iná ìjọba. Ẹ wo ahéré àgbẹ̀ kòkó: agbá wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, sólà kékeré ń gba oòrùn fún fóònù. Ta ló ya àwòrán rẹ̀?

Bó bá jẹ́ òkè ni wọ́n fẹ́, Òkè Ìdànrè ń bẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Odidi ìlú ló gbé orí rẹ̀ rí, wọn ò pè é ní ìsinmi.

Bí òkùnkùn bá sú olówó Yúróòpù, á padà sílé. Ọmọ Ore tó bá fẹ́ gbafẹ́ ní tirẹ̀, Èkó ló ń wọkọ̀ lọ, kó lè bá wọn pariwo “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!”