Oríkì Fọ́máàtì, Awòsàn-Má-Béèrè-Àrùn

Fọ́máàtì ni àgbà oògùn fún kọ̀ǹpútà ilé tó ń falẹ̀, tó ń kú lójijì, tàbí tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ lára. Oríkì rẹ̀ ni Awòsàn-má-béèrè-àrùn, Apa-rere-pọ̀-mọ́-búburú, ikú àwòrán ìkómọ, ẹ̀rù ìwé iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀dà. Babaláwo a máa dá Ifá kó tó sọ ẹbọ. Fọ́máàtì kì í dá nǹkankan. Yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, yóò fi Windows tuntun rọ́pò rẹ̀, yóò sì gbowó oníṣègùn. Ẹ̀rọ náà a sì máa sáré lóòótọ́, èyí ló jẹ́ kí ìyìn rẹ̀ má tán lẹ́nu aráyé.

Kábíyèsí kì í wọ̀lú láìgba ìṣákọ́lẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó àwòrán àti ìwé lọ sórí háàdì dísìkì mìíràn. Ẹni tó bá ní “nǹkan mi ò pọ̀” ló máa ń sunkún jù. Fláàṣì tí kò kéré sí 8 GB ló tẹ̀ lé e, òun ni Media Creation Tool ti Microsoft yóò kó Windows sí. Ohun tó wà lórí fláàṣì náà tẹ́lẹ̀ yóò pòórá, nítorí ọba kì í bá ẹnikẹ́ni pín ẹní. Bọ́tìnnì tó ń ṣílẹ̀kùn fún fláàṣì nígbà tí a bá ń tan ẹ̀rọ kò dọ́gba: F12 ni lára ẹ̀rọ kan, Esc tàbí F9 lára òmíràn.

Ibi tí ọlá rẹ̀ ti ń yọ jù ni ojú ìwé tó to àwọn ìpín háàdì dísìkì sílẹ̀. Ẹni tó ń wá ìmọ́tótó pátápátá yóò pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku Unallocated Space nìkan. Bí háàdì dísìkì bá jẹ́ méjì, ó sàn kí a yọ ìkejì sápá kan, torí Apa-rere-pọ̀-mọ́-búburú kì í béèrè èwo ni ti ìyá ọmọ. Ojo tó fi tuntun lé àtijọ́ lórí yóò bá fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, níbi tí ọba àná tẹ́ sí, tó ṣì ń jẹ àyè.

Akú-tún-jí ni lẹ́yìn èyí: ẹ̀rọ yóò kú, yóò jí, yóò tún kú. Bí fláàṣì bá ṣì wà lára rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ gbogbo ètò náà láti orí. Windows 11 Home yóò wá béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí dráífà tí Wi-Fi fi ń ṣiṣẹ́ lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Fóònù tí a fi wáyà so mọ́ ọn ló máa ń bo kábíyèsí láṣìírí. Kábíyèsí tó pa ohun gbogbo rẹ́ kò pa ìwé àṣẹ Windows rẹ́ o: láti ìgbà Windows 10 ni Microsoft ti ń rántí ẹ̀rọ tó ti sanwó.

Háàdì dísìkì tó ń kú lọ, RAM tó bàjẹ́, fáànù tí eruku dí: apá Fọ́máàtì kò ká ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀rọ tí kò ní ohun èlò ààbò TPM 2.0 kò yẹ fún Windows 11, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025.

Ó ku ìsọdọ̀tun, ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ti gbàgbé, àti àwọn ètò tí a óò tún kó padà. Prìńtà ló máa ń kẹ́yìn láti júbà.