Oríkì Òfin Dandan

Ẹ yàgò fún ọlọ́lá orí ìwé! Onílù, ẹ kì í bó ṣe wù yín; kì í bínú, kì í sì í dáhùn.

Òfin Adójútòfò Ìlera, ọmọ tí a bí sígbà àjàkálẹ̀!
Kòrónà bá àlejò ará Ítálì kan dé Ewékorò, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lóṣù kejì ọdún 2020.
Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni gègé Ààrẹ Buhari tó bí ọ.
Àrùn wọ bàálù wá, ìwọ ń rákòrò bọ̀.

A-gbẹ́gbọ̀ọ́n-mì!
O pa òfin ọdún 1999 rẹ́, èyí tó sùn títí di 2005 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Ẹ̀gbọ́n ní kí ẹni tó bá wù wá. Ìwọ ní dandan ni.
Dandan fún òṣìṣẹ́ ìjọba, dandan fún oníṣẹ́ ọwọ́, dandan fún onígààrí ọjà Òkè-Àje.
Dandan tí kò ní ọlọ́pàá! Dandan tí kò lẹ́gba!

Alápò ńlá! O ya àpò kan sọ́tọ̀ fún aboyún, fún arúgbó, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti fún aláìní. Àpò náà jìn débi pé ọwọ́ aláìní kì í kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Onífọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ! O gba fótò, o gba nọ́ḿbà fóònù, o ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NIN dà. Ìyá onígààrí tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ò rí ìlà kankan. Iná agbada ti jẹ ìlà ọwọ́ wọn tán. “Màmá, ẹ nu ọwọ́ yín.” Wọ́n nù ún mọ́ ìró, wọ́n tún un tẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

(Àràyá, ètò ìlera ayé Gómìnà Amósùn, náà ṣe káàdì fáwọn èèyàn. Àwọn tó gbà á ló mọ ibi tí wọ́n kó o sí.)

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún 2023 pé pàjáwìrì kòrónà ti parí, ó ku díẹ̀ kí o pé ọmọ ọdún kan. O ti ń sọ̀rọ̀, o kò tíì rìn.

Àwọn Balógun Ìjẹ̀bú a máa gẹṣin wọ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kí gbogbo régbérégbé fojú rí wọn. Ìwọ so ẹṣin tìrẹ mọ́lẹ̀ l'Ábújá.

Kí ẹnu mi sinmi díẹ̀, ọlọ́lá, aláìsàn ń dúró. L'Ókè-Àje, ọwọ́ alájọ ni wọ́n ṣì ti ń gba owó abẹ́rẹ́.