Àwọn Àgbà Wo Ọrùn, Àwa Ń Wo Èjìká

Ẹni tó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ẹni tí akísà wà lọ́rùn rẹ̀ bá ń ṣèlérí ẹtù àti sányán fún ọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Wọn ò ní ká wo èjìká. Láyé wọn, kí ni ì bá wà níbẹ̀ tí èèyàn yóò wò? Agbádá ò ní èjìká tí aránṣọ rán sí i. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ká apá rẹ̀ sókè, bó bá yọ̀ wálẹ̀ a tún un ká, títí òde yóò fi tú.

Ní Edjeba níbí, ní Warri, ojú ti kúrò lọ́rùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lónìí pé o fẹ́ rán kóòtù ìgbéyàwó, kò ní kọ́kọ́ bi ọ́ ní àwọ̀ tàbí bọ́tìnì mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, èjìká wo lẹ fẹ́? Ti Naples àbí ti Róòmù?" Ọmọ Ìwó ni télọ̀ tó bi mí bẹ́ẹ̀. Mo rántí òwe, mo wo ọrùn rẹ̀. Téèpù ìwọnṣọ ló wà níbẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ò sọ ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ téèpù la bá lọ́rùn ẹni.

Ká má purọ́, ìbéèrè rẹ̀ nítumọ̀. Èjìká kóòtù kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ará Róòmù fẹ́ èjìká tó dúró ṣánṣán. Wọ́n á fi pádì sí i, wọ́n á tún fi òwú ki ìbẹ̀rẹ̀ apá kó lè yọ sókè ju èjìká lọ. Ilé ìránṣọ Brioni, tí Nazareno Fonticoli àti Gaetano Savini dá sílẹ̀ ní 1945, ló gbé irú rẹ̀ kiri ayé. Àwọn ni wọ́n kó ọkùnrin jáde wá ṣàfihàn aṣọ ní Florence ní 1952, àwọn náà ni wọ́n sì rán kóòtù James Bond láti 1995 tí Pierce Brosnan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é títí di 2006. Florence ní tirẹ̀ fẹ́ kí èjìká rọ̀, kó sì gùn kọjá egungun díẹ̀. Milan dúró láàárín: pádì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí o mọ̀.

Naples ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, Gennaro Rubinacci ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan níbẹ̀, Vincenzo Attolini ló ń bá a gé e. Attolini bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòtù nínú. Ó yọ pádì, ó yọ èyí tó pọ̀ nínú aṣọ inú, ó dín sitéè tó ń mú un le kù, títí kóòtù fi rọ̀ bíi ṣẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n sì ṣe ń rán apá mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ṣe rán tirẹ̀. Wọ́n gé apá tóbi ju ihò tó fẹ́ wọ̀ lọ, kí ọwọ́ lè rọrùn láti gbé. Aránṣọ ìlú mìíràn yóò fọgbọ́n pa àlékún yẹn rẹ́. Ní Naples, wọ́n jẹ́ kó ṣù wínníwínní lókè apá, ìṣùpọ̀ yẹn gan-an sì ni olówó ń sanwó fún. (Giorgio Armani tó kú ní 2025 náà tú kóòtù nínú ní Milan, ṣùgbọ́n Naples ti fi nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú rẹ̀.) Oòrùn ń mú ní Naples, ẹni tó lówó ò sì fẹ́ kí kóòtù sè é. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù Rubinacci: London House. Ará Naples ń fara wé ará London, ará Warri ń fara wé ará Naples. Warri kì í sáà gbẹ́yìn.

Kì í ṣe pé ìlú yìí ò rí òyìnbó rí. Ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn ni Dom Domingos, ọmọ Olú Warri, ti lọ kàwé ní ilẹ̀ Pọtogí, tó sì fi ọmọbìnrin ọlọ́lá kan níbẹ̀ ṣaya. Edjeba ni Shell kọ́ ilé sí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ti ará Ítálì pàápàá, Agip wà ní Niger Delta láti 1962 títí wọ́n fi ta ilé iṣẹ́ náà fún Oando ní 2024. Àmọ́ kọfarọ́ọ̀lù àti bàtà iṣẹ́ ni àwọn tó ń fa epo wọ̀ wọ inú àbàtà, èjìká kọfarọ́ọ̀lù ò sì mọ Naples yàtọ̀ sí Róòmù. Epo lọ, owó epo tẹ̀ lé e. Èjìká ló kù fún wa láti máa jiyàn lé.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa, tí n kò ní dárúkọ, rán kóòtù Naples fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ọmọ Ìwó náà ló rán an, ó sì mọṣẹ́, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Gbogbo ìṣùpọ̀ pé. Nígbà tó ku ọ̀la, ọkùnrin wa gbé e fún alágbàfọ̀ pé kó kàn bá òun fi áyọ́ọ̀nù kàn án lójú díẹ̀. Alágbàfọ̀ wo èjìká, ó rí i pé ó ṣù, àánú oníbàárà rẹ̀ ṣe é. Ó bu omi wọ́n ọn, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò gba kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ó tún gbà á nímọ̀ràn pé kó pààrọ̀ télọ̀. Ariwo tí ọkùnrin wa sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ogunu. Lójú tèmi, nínú gbogbo àwọn tó fọwọ́ kan kóòtù yẹn, alágbàfọ̀ nìkan lorí rẹ̀ pé.

Wọ́n sáré gbé e padà fún télọ̀. Télọ̀ ya tìmùtìmù àga, ó gé fóòmù méjì nínú rẹ̀, ó kì í sí èjìká. Kí wọ́n tó se ìrẹsì jinná, Naples ti di Róòmù.

Ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò jí. Ẹ mọ ooru Warri: òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,500 mìlímítà lọ, òógùn kì í sì í gbẹ lára èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọkùnrin ń bọ́ kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga. Àwọn àgbà Urhobo nìkan ò bọ́ nǹkan kan. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun gígùn ló wà lọ́rùn wọn, jọ́ọ̀jì nídìí, iyùn lọ́rùn, fìlà òyìnbó olórí róbótó lórí. Mo wo èjìká wọn dáadáa. Kò sí pádì, kò sí sitéè, ó sì ṣù wínníwínní níbi tí wọ́n ti rán apá mọ́ ọn. Attolini ì bá dọ̀bálẹ̀.

Ọkùnrin wa kúnlẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn: "Migwo." Bàbá dáhùn: "Vrendo." Ó na ọwọ́ kan èjìká kóòtù tó wà lórí àga, ó tẹ fóòmù náà wò.

"Ọmọ mi, èló lo rán an?"

Ó sọ ọ́. Ẹnu ya bàbá. Ọkùnrin wa wá ṣàlàyé pé ti Naples ni bí kì í bá ṣe ti alágbàfọ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, pé wọ́n ti yọ pádì rẹ̀, wọ́n yọ aṣọ inú rẹ̀, wọ́n yọ sitéè rẹ̀.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Èló ni wọ́n wá yọ nínú owó ẹ̀?"