Ìlànà Títọ́ Ẹmu Wò ní Mushin

Oríṣi ẹmu méjì ló wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu ní Mushin àti Sùúrùlérè: ẹmu ọ̀pẹ, àti ògùrọ̀, tí wọ́n ń dá lára igi inú àbàtà.

Ojú ló ń kọ́kọ́ ṣèdájọ́. Ẹmu gidi máa ń funfun bí omi ìrẹsì, ó sì máa ń hó. Èyí tó bá mọ́ gaara ti yà ní ẹnu ẹ̀rọ omi kó tó dé ìsọ̀.

Imú ló kàn. Òórùn ìwúkàrà kò burú. Bí òórùn kẹrosíìnì bá wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ló ń ròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ahọ́n ló ń parí ẹjọ́. Gbàrà tí ẹmu bá ti kúrò lára igi ni ìwúkàrà ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Kì í dúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹmu àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ le, ti ọjọ́ kejì kan. Èyí tó bá ṣì ń dùn ṣìnkìn lálẹ́, kí wọ́n fura sí i: sákárínì kì í kan.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tó ń tọ́ wáìnì funfun wò máa ń tu ú dànù kí orí wọn lè pé. Ní Mushin, gbígbé mì ni. Ẹni tó bá sì ní ẹmu náà kò dára, òun ló máa ń béèrè ahá kejì, kó lè dá a lójú.