Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Fi Òkúta Ìjerò Ṣe Awúre

Lákọ̀ọ́kọ́, gbéra, ó di Ìjerò. Bí o bá ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ń bọ̀, dúró ní Arámọ̀kọ kí o jẹ iyán: iṣẹ́ yìí kò gba ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó gba okun.

Àwọn awakùsà ń wa òkúta tọ́málíìnì ní Ìjerò. Má ra aláwọ̀ ewé, ti olówó nìyẹn. Dúdú ni kí o rà, èyí tó gùn bí ìka, tí ìlà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Má bi ẹni tó tà á fún ọ ní ìbéèrè kankan. Ó lè mọ nǹkan.

Dúró di ìgbà ọyẹ́. Òmùgọ̀ tí kò lè mú sùúrù yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, nígbà tí ìkùukùu bo òkè Ẹ̀fọ̀n mọ́lẹ̀. Ọ̀rinrin yóò fa iná inú òkúta jò dànù, eérú kò ní mira. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ pé ẹbọ kò tíì pé.

Tí ọyẹ́ bá dé, tẹ́ òkúta náà sórí eérú gbígbóná. Má jù ú sáàárín ẹyín iná, ó lè sán. (Mo mọ̀ pé wàá jù ú sí i. Ra méjì.) Bó ṣe ń yá, iná a pín sí i lára bíi ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì: àròpọ̀ lórí, àyọkúrò ní ìdí. Iná ààrò la fi yá a, irú iná NẸ́PÀ ló hù jáde. Yorùbá sì ń pe méjèèjì ní iná, èyí tó rọ ìwọ lọ́rùn gan-an.

Eérú ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Àròpọ̀ àti àyọkúrò wà nínú rẹ̀ ní ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá sún mọ́ ọn, èyí tó yàtọ̀ sí ti òkúta a sún wá iwájú, èyí tó jọ ọ́ a sá sẹ́yìn, èyí tó wà nítòsí a sì borí. Eérú a fò lẹ̀ mọ́ òkúta. Tó bá wá gba irú iná òkúta sára tán, a ta kúrò. Àwọn tó yàtọ̀ ni tọkọtaya, àwọn tó jọra ni orogún. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òkúta yìí kò da nǹkan kan, eérú ń tọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni kí o ti pariwo.

Má jẹ́ kí ọmọ iléèwé wà nítòsí. Yóò fi bírò rẹ̀ ra irun, yóò fi ṣa bébà wẹ́wẹ́ nílẹ̀, iṣẹ́ rẹ bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó burú jù nínú wọn yóò ya ọ̀rá omi sí ọ̀já méjì, yóò fi ìka fà wọ́n wọ̀ọ̀, àwọn ọ̀já náà yóò sì yà fún ara wọn láìsí ọfọ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àwọn ará Họ́lándì ti gbé irú òkúta yìí láti Síríláńkà wá sílé ní nǹkan bí 1703, tí wọ́n pè é ní afaeérú, tàbí pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Aepinus ti fi hàn ní 1756 pé iná ni, kì í ṣe iwin.

Ó kù kí o tà á. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Coulomb wọn agbára tí irú iná yìí fi ń fa nǹkan ní 1785: bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, agbára á ṣẹ́ ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Òkúta tí kò lè fa eérú láti ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, sọ fún oníbàárà pé yóò fa ọkọ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá sílé.

Kí oníbàárà náà tó dé Ẹ̀fọ̀n, òkúta ti tutù. Yóò pè ọ́ lórí fóònù: “Bàbá, eérú ò mà fò mọ́ o.” Kí o dáhùn pé, “Ẹ tún un yá lórí iná.” Òótọ́ pọ́ńbélé lo sọ yẹn. Má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.