Àìsàn Tí Kì í Dúró De Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ajah

Ẹ̀yin olùgbọ́ tó wà nílé, àti ẹ̀yin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ká mọ́ ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, àìsàn kan wà tó máa ń wọlé wá bá àgbàlagbà, tí yóò ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀, tí yóò sì ti jáde kí ọkọ̀ tó gbéra ní Jakande tó fojú kan bíríìjì Ajah. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní TIA, a sì lè pè é ní rọpárọsẹ̀ kékeré, nítorí pé ohun tó ń fà á kò yàtọ̀ sí èyí tó ń fa ọ̀pọ̀ rọpárọsẹ̀ ńlá: ẹ̀jẹ̀ tó dì yóò dí ọ̀kan nínú àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò sì daṣẹ́ sílẹ̀. Èyí kékeré máa ń tú fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ́ ọkọ̀ tó tú ká kí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè tó dé, tí onítọ̀hún wá ń bi àwọn aláta ẹ̀bá títì bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ kankan dúró níbẹ̀.

Ètò ilé Lekki àti Ajah gan-an ló ń bá àìsàn yìí bo àṣírí. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island tàbí Marina ń jáde ní Sangotedo àti Badore kí àkùkọ tó kọ, bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sin àkùkọ nínú ẹ́sítéètì, wọn kì í sì í wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Màmá tí wọ́n mú wá láti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì kí ó lè bá wọn tọ́jú ọmọ ni yóò kù sílé, òun àti ọmọ ọ̀dọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ tí kò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ màmá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń béèrè omi ní èdè tí kò jọ Yorùbá tí kò sì jọ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo rẹ̀ sì ti lọ tán kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, màmá tó jókòó ṣámúṣámú, tó ń bínú pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó, ni àwọn ọmọ yóò bá nílé lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn kò ṣeé fojú fò. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2018, fi àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana wé àwọn mìíràn tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ènìyàn ń bù kún oúnjẹ lórí tábìlì wà lára àwọn tó tẹ̀lé e, àti ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, àti ẹ̀fọ́ tí ènìyàn kì í jẹ tó. Ẹni tó ń ti ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo kí ṣàkì lè ráyè jókòó, kí ó gbọ́.

Òjijì ni àmì àìsàn náà, ẹ̀gbẹ́ kan ara ló sì sábà máa ń mú. Àárẹ̀ lásán a máa mú apá méjèèjì, ojú ogbó a sì máa ṣe bàìbàì láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ṣàdédé ṣókùnkùn bí ẹni pé wọ́n fa kọ́tìnnì bò ó, tàbí tí ìrìn dédé di ìtàgọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kí ọmọ ọ̀dọ̀ ní kí màmá rẹ́rìn-ín, kí ó wò ó bóyá ẹnu dọ́gba. Kí ó ní kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó wo èyí tó ń rọ̀ wálẹ̀. Kí ó sì ní kí ó wí gbólóhùn kan tẹ̀lé òun. Kí ó má ṣe fi orúkọ àwọn ọmọ màmá dán an wò, nítorí pé ìyá Yorùbá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá yóò kọ́kọ́ pe ọmọ mẹ́ta kí ó tó kan ẹni tó ń wá.

Ìjàǹbá tó kù ni ti oògùn ilé. Nítorí pé àìsàn náà ń lọ fúnra rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá fi tọ́jú màmá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni yóò gba ìyìn, ìbáà ṣe Robb, òróró àdúrà tàbí orógbó, ẹni tó fún un yóò sì di oníṣègùn àdúgbò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ewu kò tíì lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, wọ́n tọpa 1,707 ènìyàn tí TIA mú ní California: láàárín 90 ọjọ́, rọpárọsẹ̀ ńlá ti kọlu 180 nínú wọn, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì kọlu 91. Ní Oxford, ìwádìí 2007 fi hàn pé ìtọ́jú kíákíá dín ewu náà kù ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá fún màmá ní aspirin kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé òpó tó bẹ́ nínú ọpọlọ máa ń mú irú àmì kan náà wá.

Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112. Ẹni tó bá pè é kí ó yára fi kóòdù ránṣẹ́ sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ náà lè dá kọmíṣọ́nnà padà bí kò bá ní kóòdù. Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò wọn ìfúnpá àti ṣúgà, wọn yóò sì tẹ́tí sí ọkàn bóyá ó ń lù ségesège, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n tó ya àwòrán orí. Màmá yóò ti sọ fún dókítà pé ara òun le kokooko, pé àwọn ọmọ yìí kàn fẹ́ràn àníyàn ni. Ìwé pélébé tí ọmọ ọ̀dọ̀ kọ “aago 10:05, ọwọ́ ọ̀tún, ẹnu wọ́, ìṣẹ́jú 10” sí ni dókítà yóò gbà gbọ́.