Wọ́n Ti Gbé Igi Kúrò Lọ́nà Egbèje

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Bẹ́ ẹ bá sá fún ẹgbẹ̀rún méjìlá owó ẹyọ, egbèje péré ò ní í tọ́wọ́ yín mọ́. Òwe yìí tọ̀nà nígbà tí olówó àti onígbèsè jọ ń pàdé lójú odò. Lónìí, ẹ yá egbèje lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì san án lọ́jọ́ tó pé, wọ́n á ṣí ọ̀nà ẹgbàafà sílẹ̀ fún yín gbayawu. Ibẹ̀ gan-an ni kòtò wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Ṣágámù, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí fi fọ́tò ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sí i lórí pé olè ni, wọ́n ní kí n tètè kìlọ̀ fún un kó wá sanwó. Mo wò ó títí kí n tó dá a mọ̀. Onígbànja kan ní Sábó ni, tó ra fáànù àlòkù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Orúkọ tó fi tọ́jú nọ́ńbà mi sínú fóònù rẹ̀ ni "Bàbá Fáànù". Bàbá Fáànù wá di onígbọ̀wọ́ gbèsè tí kò jẹ níbẹ̀.

Ìwà ká dójú ti onígbèsè yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Olówó á rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Á wọlé, á jókòó, á máa bú onílé, á pa adìẹ tó bá wù ú jẹ, títí ẹbí á fi sáré dá owó jọ. Ìkà ni, àmọ́ ó mọ ilé tó wọ̀. Ológò tòde òní ò nílé kan pàtó, inú fóònù irínwó èèyàn ló ń dógò sí lẹ́ẹ̀kan náà, látorí pásítọ̀ dórí àna, dórí tíṣà ọmọ, dórí oní-fáànù. Adìẹ ni tàtijọ́ ń jẹ. Iyì èèyàn ni tòní ń jẹ.

Kí ló sún onígbànja yìí dédìí gbèsè? Aṣọ ẹbí. Ìyá ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú n'Íkẹ́nnẹ́, léèsì ni wọ́n mú, kò sì fẹ́ kójú ti òun. Ó yá ₦20,000. Wọ́n ti yọ ₦4,000 kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ₦16,000 ló rí gbà, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un láti dá ₦20,000 padà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: bó bá ń yí i bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èlé á bá owó tó fọwọ́ kàn dọ́gba. Ogún ti dogójì nìyẹn, sogúndogójì tá a ti ń ṣépè fún látayébáyé. Àwọn ìyá ọjà tó sọ owó kóńpìnnì ní gbómúlélántà ò tíì rí ti orí fóònù nígbà yẹn, torí lántà ṣì ṣeé fẹ́ pa. Nígbà tó máa san ti àkọ́kọ́, ó yá kejì, ó ń gbẹ́ kòtò kan dí òmíràn. Ìgbà tí mo fi máa dé Sábó, ó ti di kòtò méje. Léèsì náà sì ti ṣá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "Kùtọnu ni mò ń lọ."

Mo ní kó jókòó. Bí báńkì bá wà lára àwọn tó yá a lówó, láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbà wọ́n láyè láti yọ owó wọn nínú àkáǹtì yòówù tí BVN rẹ̀ bá wà, ibi yòówù kó sá sí. Ó ní wọ́n láwọn á fi ọlọ́pàá mú òun. Mo ní Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn tìtorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan, àfi bó bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, èyí tó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti 1977. Ti fọ́tò olè yẹn, NITDA, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba, ti bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé kóńpìnnì ayánilówó orí fóònù kan ní 2021, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì irú wọn ní Ìkẹjà ní oṣù kẹta 2022, Google sì fòfin dè wọ́n ní 2023 pé wọn ò gbọdọ̀ máa wo nọ́ńbà àwọn èèyàn mọ́. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ṣé kí n má san án mọ́ nìyẹn?"

Wò ó bí! Gbèsè ṣì ni gbèsè. Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀ ṣòwò irè oko, òwò náà forí ṣánpọ́n, ó wọ gbèsè. Ó sì sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Nígbà tó máa kúrò nílùú ní 1944, ẹ̀kọ́ òfin ló gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe pé ó ń sá lọ Kùtọnu.

Ẹ̀bẹ̀ ló kù. Àwọn ará wa tí gbèsè káàdì ti mù dé ọrùn l'Amẹ́ríkà máa ń sanwó fún kóńpìnnì kó bá wọn bẹ olówó. Àwọn kan nínú ẹlẹ́bẹ̀ yìí ń gbowó ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bẹ ẹnikẹ́ni, ìyẹn nìjọba ibẹ̀ fi kà á léèwọ̀ ní 2010 láti gbowó kí gbèsè kan tó yanjú. Ní Sábó, Bàbá Fáànù ń bẹ̀bẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

A mú ìwé. A kọ méjèèje sílẹ̀, a kọ iye tó fọwọ́ kàn gan-an síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ó ní àpò gbànja méjì tó ṣeé tà, àjọ rẹ̀ máa kàn án lóṣù tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà sì lè yá a ní díẹ̀ pẹ̀lú èlé tí kò ní í jẹ egungun. Mo pe ti àkọ́kọ́. Mo ní a ó san ojú owó pẹ̀lú èlé díẹ̀, kí wọ́n yọ owó ìtanràn kúrò. Ọmọkùnrin tó gbé e kọ́kọ́ bú mi, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ó dáa sà, ẹ sáré san án sínú àkáǹtì tèmi yìí." Mo ní rárá o. Kó kọ àdéhùn náà ránṣẹ́ lórúkọ kóńpìnnì, àkáǹtì kóńpìnnì la ó san án sí. Ó já fóònù mọ́ mi létí. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà àdéhùn náà wọlé.

A ṣì ń kà á lọ́wọ́ nígbà tí fóònù onígbànja dún. "Oríire! O ti yege fún ₦50,000." Ó wo fóònù, ó wò mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kì í bọ abẹ́ àpò gbànja, mo sì jókòó lé e. Ó tún dún nísàlẹ̀ ibẹ̀.